Ọmọ ìkókó ò mọ̀ pé dọ́là ti wọ́n: kí ló ń mú ọjà sá lọ kó tún ya dé?

Ọmọ ìkókó kì í gbọ́ ìròyìn. Kò mọ̀ pé dọ́là ti gbówó lórí, kò mọ̀ pé ọkọ̀ òkun há síbì kan, bó ṣe tọ̀ lánàá náà ló máa tọ̀ lónìí, ó parí. Torí náà tí ọjà kan bá wà tó yẹ kí bí wọ́n ṣe ń rà á máa dúró lójú kan, Pampers ni (gbogbo ẹ̀ la ṣáà ń pè ní Pampers, kódà kó jẹ́ Molfix tàbí Huggies). Àmọ́ ẹ lọ bi àbúrò màmá mi, Àǹtí wa tó ń ta prọfíṣọ̀n n'Íbàdàn, á sọ fún yín pé oṣù kan máa ń wà tóun á wá páálí kan ṣoṣo títí tóun ò ní rí, tó bá dì oṣù tó tẹ̀ lé e dístríbútọ̀ á máa pe òun lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ wá kó o, ó ti pọ̀ jù nílẹ̀. Ọmọ ò pọ̀ sí i láàárín oṣù méjèèjì yẹn, ọmọ ò sì dín kù. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn tó ń ṣe Pampers gangan, Procter & Gamble ti Amẹ́ríkà, ti bi ara wọn ní ìbéèrè yìí rí. Wọ́n yẹ ìwé wò. Bí àwọn ìyá ṣe ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù, kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè sódò. Ṣùgbọ́n ọ́dà táwọn dístríbútọ̀ ń fi ránṣẹ́ ń fò sókè ó tún ń já wálẹ̀, ìgbà tí wọ́n sì wá wo ọ́dà táwọn fúnra wọn ń fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń kó èlò fún wọn, irú bíi 3M, áà, tiwọn tún burú ju ti dístríbútọ̀ lọ. Orúkọ tí nǹkan yìí ń jẹ́ títí dòní ni bullwhip. Kòbókò ni, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, kòbókò gígùn tí wọ́n fi ń da màlúù. Ẹni tó dì í mú lè ṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀ báyìí, tẹ́ ò tiẹ̀ ní rí i, àmọ́ ṣóńṣó kòbókò lọ́hùn-ún á ti máa hu fíò lófuurufú. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ní yunifásítì Stanford l'Ámẹ́ríkà, Hau Lee, V. Padmanabhan àti Seungjin Whang, kọ̀wé lé e lórí lọ́dún 1997, àtìgbà náà sì rèé, ó ṣòro kéèyàn jókòó sí kíláàsì supply chain kí wọ́n má dárúkọ ẹ̀.

Supply chain yẹn náà, kí ẹnikẹ́ni má fi dẹ́rù bà yín, kò ju ọwọ́ tí ọjà ń gbà kọjá lọ. Láti ọwọ́ ẹni tó ń ṣe ọ̀rá àti òwú, dé fáktírì, dé ọkọ̀ òkun, dé pọ́ọ̀tù, dé tírélà, dé ọjà Òkè-Àrìn l'Ékòó, dé ọ̀dọ̀ àǹtí mi, dé ìdí ọmọ.

Ẹ wo bí kòbókò yẹn ṣe ń gùn. Ká ní páálí mẹ́wàá ni àǹtí ń tà lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí ó ta méjìlá, bóyá torí ìkómọ méjì tó bọ́ sí àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé méjìlá ló máa rà padà? Rárá o, á ní ọjà ti ń yá, ẹ jẹ́ n kó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó má baà tán mọ́ mi lọ́wọ́. Dístríbútọ̀ tó rí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dọ̀ ẹ̀ àti lọ́dọ̀ ogún obìnrin bíi tiẹ̀, òun ò rí ìkómọ kankan o, ọ́dà lòun rí, òun náà á wá bu díẹ̀ sí i nítorí ọjọ́ iwájú, á fi ránṣẹ́ sókè. Nígbà tó bá fi máa dé fáktírì, wọ́n á rò pé gbogbo obìnrin Ìbàdàn ló bí ìbejì. Wọ́n á gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́, wọ́n á máa ṣiṣẹ́ òru. Kí ọjà yẹn tó wálẹ̀ ó ti di oṣù méjì, ìkómọ ti kásẹ̀ nílẹ̀, àǹtí ti padà sí páálí mẹ́wàá ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjà ti kún ṣọ́ọ̀bù dé àjà, kò ní ra nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fáktírì á tún gbà pé ọjà ti kú, wọ́n á dá èèyàn dúró. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Kò sẹ́ni tórí ẹ̀ dàrú. Kálukú ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu níbi tó jókòó sí, gbogbo ẹ̀ wá para pọ̀ di wàhálà.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Stanford yẹn ní ohun mẹ́rin ló ń fà á. Àkọ́kọ́ ni èyí tí mo sọ tán yìí. Ìkejì ni ká máa kó ọ́dà jọ ká tó lọ rà á pa pọ̀ torí owó ọkọ̀, ìkẹta ni kí iye owó máa yí padà (ẹni tó bá gbọ́ pé ó máa wọ́n lọ́la, òní ló máa rà á). Ìkẹrin ni tèmi gan-an, torí gbogbo wa la ti jẹ̀bi ẹ̀ rí. Tí ọjà bá ṣọ̀wọ́n tí dístríbútọ̀ bá ní ìdajì ohun tí kálukú bá béèrè lòun máa fún un, ta ni ò ní béèrè ìlọ́po méjì? Ẹ rántí ilé epo. Ẹnì kan á kàn ti gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ pé epo fẹ́ wọ́n, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ gbogbo kẹ́ẹ̀gì inú ilé ti dé orí ìlà, ẹni tí táǹkì ọkọ̀ ẹ̀ ṣì kún dé ìdajì náà ti tò, ilé epo tí ì bá ta ọjọ́ mẹ́ta á tà tán ní wákàtí mẹ́rin. Epo á wá wọ́n lóòótọ́. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri nígbà tí kò tíì rí bẹ́ẹ̀ á wá máa fi ọwọ́ sọ àyà, ṣé ẹ rí i, mo sọ fún yín.

Ṣáájú kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ náà ni ẹnì kan ti rí i. Jay Forrester lorúkọ ẹ̀, ẹ̀ńjíníà kọ̀ǹpútà ni ní MIT, yunifásítì kan l'Ámẹ́ríkà. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 làwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ General Electric wá bá a pé fáktírì táwọn ti ń ṣe nǹkan èlò ilé ní Kentucky ń da àwọn láàmú, lọ́dún kan àwọn á máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ àwọn á máa lé òṣìṣẹ́, àwọn sì rò pé ètò ọrọ̀ ajé ìlú ló fà á. Forrester mú pẹ́ńsù àti ìwé, ó ṣírò bí wọ́n ṣe ń gba èèyàn àti bí wọ́n ṣe ń ra ọjà, ó ní ẹ má dá ìlú lẹ́bi, kódà kí oníbàárà yín dúró gírígírí, bẹ́ ẹ ṣe ń dáhùn sí ọ́dà yín yìí á ṣì máa jù yín sókè sódò. Lọ́dún 1961 ó kó gbogbo ẹ̀ sínú ìwé.

Láti inú iṣẹ́ yẹn ni eré kan ti jáde ní MIT tí wọ́n ń pè ní Beer Game, mo bẹ̀ yín, tẹ́ ẹ bá láǹfààní ẹ̀ ẹ ta á, ó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ó sì ń dójú tini. Ẹni mẹ́rin ni, ẹnì kan ń ta bíà fún oníbàárà, ẹnì kan ń tà fún òun, ẹnì kan tún ń tà fún ìyẹn, ẹni ìkẹrin ló ni fáktírì. Wọn ò gbọ́dọ̀ bára wọn sọ̀rọ̀, ìwé ọ́dà nìkan ni wọ́n lè fi ránṣẹ́, ọjà sì máa ń pẹ́ lọ́nà kó tó dé. Kéèsì tó bá wà nílẹ̀ ń jẹ sẹ́ǹtì 50 lọ́sẹ̀, èyí tí wọ́n bá béèrè tí kò sí ń jẹ dọ́là 1. Kéèsì 4 ni oníbàárà ń rà lọ́sẹ̀, tó bá dì ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó di 8, ó sì dúró síbẹ̀ títí eré fi tán. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yí padà o! Síbẹ̀ ẹ máa rí ẹni tó ń bèèrè ogójì kéèsì, ẹ máa rí fáktírì tí bíà bò mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí onífáktírì ya bó ṣe rò pé oníbàárà ń rà, òkè àti àfonífojì ló máa yà. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Sterman kọ̀wé lórí eré yìí lọ́dún 1989, ohun tó rí ni pé àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ọjà tí wọ́n ti bèèrè tí kò tíì dé, ó wà lójú ọ̀nà ńbọ̀, wọ́n á tún bèèrè òmíràn lé e.

Àwọn ará Japan ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ fáktírì, Toyota ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ńjíníà wọn kan, Taiichi Ohno, lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1956, ó wo fáktírì ọkọ̀, àmọ́ ohun tó wú u lórí jù ni súpámákẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà á mú ọjà kan kúrò lórí pẹpẹ, wọ́n á fi ẹyọ kan rọ́pò ẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí fáktírì náà máa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ṣe táyà ò gbọdọ̀ ṣe é títí ẹni tó wà níwájú á fi fi káàdì béèrè, káàdì yẹn ni kanban tẹ́ ẹ ń gbọ́. Ọjà tó bá wà nílẹ̀ tí kò lọ, owó ló sùn síbẹ̀ yẹn. Wọ́n tún ní ọjà tó bá pọ̀ nílẹ̀ dà bí omi odò, ó ń bo òkúta mọ́lẹ̀, ẹ dín omi kù kẹ́ ẹ rí ohun tó ń fọ́ ọkọ̀ yín.

Ayé bá kọ́ ọ, àmọ́ ìdajì ni wọ́n kọ́. Wọ́n gbọ́ "ẹ má kó ọjà pamọ́", wọ́n dákẹ́ síbẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 1997, iná jó fáktírì Aisin kan ní Kariya, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fáàfù kékeré kan tó wà lára bíréèkì, kò ju páálí sìgá lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀dọ̀ Aisin yìí nìkan ni Toyota gbọ́kàn lé fún un. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ọ̀pọ̀ fáktírì Toyota ní Japan ti dúró kẹ̀rẹ̀. Ohun tó yọ wọ́n ni pé àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n ti bá ṣòwò pẹ́, àti àwọn tí ò tiẹ̀ mọ nǹkan kan nípa bíréèkì, títí kan Brother tó ń ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ, gbà láti bá wọn ṣe fáàfù, kò sì tó ọ̀sẹ̀ méjì tí iṣẹ́ fi padà sípò. Ẹ̀mí pé ẹ bá mi gbé e, màá bá yín gbé e lọ́la, ni àwọn tó kọ́ ìdajì ò rà.

Lẹ́yìn ilẹ̀ ríri àti àgbàrá òkun tó ṣẹlẹ̀ ní Japan loṣù kẹta ọdún 2011, Toyota jókòó wò ó pé àwọn nǹkan kan wà téèyàn ò lè máa rà lójúmọ́-lójúmọ́ bíi búrẹ́dì. Chip kọ̀ǹpútà wà lára ẹ̀, wọ́n ní káwọn tó ń kó o fún wọn máa tọ́jú èyí tó máa tó oṣù méjì sí mẹ́fà. Àwọn yòókù ò ṣe bẹ́ẹ̀. Korona dé lọ́dún 2020, àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ sáré kánsù ọ́dà chip, wọ́n ní ta ló máa ra ọkọ̀ nísinsìnyí, àwọn tó ń ṣe chip bá gbé e fún àwọn oní-laptop àti fóònù torí gbogbo ayé ti ń ṣiṣẹ́ látilé. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà èèyàn tún ń ra ọkọ̀, wọ́n sáré padà, wọ́n bá ara wọn ní ìdí ìlà. AlixPartners, iléeṣẹ́ kan tó ń gba oníṣòwò nímọ̀ràn, ṣírò pé ọkọ̀ mílíọ̀nù 7.7 ni kò ṣe é ṣe lọ́dún 2021, àdánù náà tó bílíọ̀nù 210 dọ́là. Toyota náà jìyà tiẹ̀ nígbà tó yá, kẹ́ni má parọ́, àmọ́ ó pẹ́ kó tó kàn wọ́n. Ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ láti Kùtọnu láàárín ìgbà yẹn mọ ohun tí mò ń sọ: nígbà tí ọkọ̀ tuntun ò sí l'Ámẹ́ríkà, wọ́n ń bára wọn du ògbólógbòó, kí ló máa wá kù fún wa tí ò ní wọ́n?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà wálé. Òfin kan wà tí John Little fi ìṣirò múlẹ̀ lọ́dún 1961, ó rọrùn débi pé ó fẹ́ jọ ẹ̀tàn: ọjà tó máa wà lọ́nà àti nílẹ̀ ni iye tẹ́ ẹ̀ ń tà lọ́sẹ̀, ẹ fi iye ọ̀sẹ̀ tó ń lò lọ́nà sọ ọ́ di púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ta páálí 100 lọ́sẹ̀, tí ọjà ń lo ọ̀sẹ̀ 4 kó tó dé, páálí 400 lowó yín wà lórí ẹ̀. Tó bá ń lo ọ̀sẹ̀ 12, ó di 1,200. Ọjà kan náà, oníbàárà kan náà, ìdúró nìkan ló yàtọ̀. Ẹ wá fi Àpápá sí i. Gbogbo ẹni tó ti rìn ní ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá nígbà tí tírélà fi ibẹ̀ ṣe ilé mọ̀ pé kọ̀ńténà lè gúnlẹ̀ sí Èkó kó má tíì dé Èkó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ Eto, ètò tí wọ́n fi ń pe tírélà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, loṣù kejì ọdún 2021, wọ́n ṣí pọ́ọ̀tù Lẹ́kí loṣù kìíní ọdún 2023, nǹkan sún síwájú díẹ̀. Ní òpin 2023 ni àwọn Houthi, àwọn ọlọ̀tẹ̀ kan ní Yemen, tún bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn lu ọkọ̀ ní Òkun Pupa, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkun tó ń bọ̀ láti Éṣíà lọ sí Yúróòpù wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lé lórí ìrìn àjò.

Ìdúró yìí lówó lórí o. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi lélẹ̀ ti di 27.5%, báńkì tó bá máa yá oníṣòwò lówó á sì gbé tiẹ̀ lé e. Ká pè é ní 30%. Ọjà mílíọ̀nù 10 náírà tó bá fi oṣù mẹ́ta jókòó ti jẹ ₦750,000 ní èlé nìkan, kò tíì sanwó ṣọ́ọ̀bù, kò tíì sanwó agbèrò. Orí páálí lèyí máa bọ́ sí, ìyá ọmọ ló máa san án.

Epo náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan, Ford Harris, ti ṣírò lọ́dún 1913 iye ọjà tó yẹ kéèyàn máa rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé tí owó téèyàn ń ná láti lọ kó ọjà bá di ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po méjì ohun téèyàn ń rà tẹ́lẹ̀ ló yẹ kó máa rà, kó sì máa lọ níwọ̀n ìdajì ìgbà. Àǹtí mi ò mọ Harris. Àmọ́ látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo loṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan fi kúrò ní nǹkan bíi ₦200 tó sì kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń lọ s'Ékòó dípò ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹrù tó ń kó sì ti di rẹpẹtẹ. Dístríbútọ̀ ò wá ní rí i fún odindi oṣù, á wá rí i wìì lọ́jọ́ kan. Kòbókò ti gùn sí i nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí rèé. Loṣù kejìlá ọdún 2023, Procter & Gamble, àwọn tí Pampers wọn la fi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí kárí ayé, kéde pé àwọn ò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, àwọn á kàn máa kó o wọlé ni, wọ́n ní ọ̀rọ̀ dọ́là ti sú àwọn. Lọ́dún 2024 Kimberly-Clark tó ń ṣe Huggies n'Íkòròdú náà palẹ̀ mọ́. Gbogbo wa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ohun tí mi ò gbọ́ kẹ́nikẹ́ni sọ ni pé ọjà tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Ìbàdàn ní ọjọ́ kan wá di ohun tó ń wọkọ̀ òkun. Ọ́dà tí àǹtí ń fi ránṣẹ́ á gba àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là kọjá, á gba kọ́sítọ́ọ̀mù kọjá, ó di oṣù méjì mẹ́ta kó tó dé etí ẹni tó ń ṣe é. Àwọn ará Túrkì tó ń ṣe Molfix ní ìlú Agbára ṣì wà nílẹ̀ ní tiwọn, mo sì lérò pé ìdí kan tí Molfix fi kún ṣọ́ọ̀bù àdúgbò mi nìyẹn, kì í ṣe torí pé ó dáa jù.

Torí ẹ̀ ni inú mi ò fi dùn nígbà tí wọ́n ń tì wiáháòsì pa níbẹ̀rẹ̀ 2024, tí iléeṣẹ́ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ ní Kánò ń fi kọ́kọ́rọ́ sí i, tí gbogbo ayé ń bú àwọn tó ń kó oúnjẹ pamọ́. Ọ̀bàyéjẹ́ wà láàárín wọn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ iye tí ọjà máa jẹ́ lọ́la, tí kò mọ ọjọ́ tí tírélà máa dé, tó bá kó ọjà pamọ́, ohun tí onífáktírì inú Beer Game ṣe náà ló ṣe. Àwọn olówó ayé náà ń ṣe é. Níbẹ̀rẹ̀ 2025 nígbà tí Trump ń halẹ̀ owó ibodè, ṣebí àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà sáré kó ọjà wọlé débi pé ó da ìṣirò ọrọ̀ ajé wọn rú fún oṣù mẹ́ta yẹn. Kò sẹ́ni tó fi kọ́kọ́rọ́ ti wiáháòsì wọn.

Oògùn ẹ̀ ò ṣòroó sọ: ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe é mọ ohun tí ẹni tó ń lò ó rà lónìí, kó má jẹ́ pé ọ́dà ló ń bá ọ́dà sọ̀rọ̀. Ohun tí Walmart, ilé ìtajà ńlá kan l'Ámẹ́ríkà, àti Procter & Gamble ṣe láàárín ara wọn nìyẹn nígbà tí ọdún 1980 sí 1990 ń lọ sópin, Walmart ń fi ohun tó ń tà hàn wọ́n, àwọn sì ń pinnu ìgbà tí wọ́n máa kó òmíràn wá. Àwọn ọmọ wa náà ti gbìyànjú ẹ̀, Alerzo tó bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn kọ́ áàpù tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù lè fi béèrè ọjà kí wọ́n gbé e wá bá a níbi tó wà, kò ní láti wọkọ̀ lọ s'Ékòó, á lè máa ra díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀ yẹn gan-an ló sì ń pa kòbókò. Owó ìnáwó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ṣá, epo kan náà làwọn ọkọ̀ tiwọn ń mu.

Mo ṣàlàyé gbogbo eléyìí fún àǹtí lọ́jọ́ Sunday kan, páálí tò dé àjà lẹ́yìn ẹ̀. Ó gbọ́ ti bíà, ó gbọ́ ti Forrester, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni tó ò ń sọ yìí, ṣé ó ti ta ọjà rí?" Mo ní n kò rò bẹ́ẹ̀ ma, ibi tí wọ́n ti ń sin màlúù ní Nebraska ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí.

"Ẹn-ẹn," ó ní, "abájọ tó fi mọ kòbókò."

Mi ò sọ fún un pé Forrester kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ. Oníbàárà ti dé, páálí méjì ló fẹ́, àǹtí sì ti ń fi fóònù pe dístríbútọ̀ pé kó bá òun tọ́jú mẹ́rin.